Oúnjẹ Orí Eré

"Ẹ nawọ́ síta dáadáa, Mà. Ẹ jẹ́ kí àpò yẹn rọ̀ dirodiro báyìí. Mo ń bọ̀ o!"

Súpánà fẹ̀yìn rìn dé ẹnu géètì òtẹ́ẹ̀lì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó sì sáré bọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Tíṣà, ó dẹ ẹsẹ̀, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àpò náà. "Ẹ ṣeun, Mà," ló wí kó tó sáré kọjá.

"Kò tọ́pẹ́," ni Ìyá Tíṣà dáhùn. "Ṣé bó ṣe máa rí nìyẹn?"

"Bó ṣe máa rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, Mà. Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa wà, wọn ò sì ní dúró."

"Tí wọn ò bá dúró, ìgbà wo ni wọ́n máa kí mi?"

Súpánà họ orí. "Wọ́n á kí yín tí eré bá parí, Mà. Iṣẹ́ tiyín ò ju méjì lọ: ẹ nà án, kí ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì yingin lẹ́ẹ̀kan. Súpánà ló ń tún kẹ̀kẹ́ ikọ̀ náà ṣe, òun náà ló ń wa bọ́ọ̀sì wọn, ó sì jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ nílé tó gba ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ tó gbà yẹn gan-an ló kó bá gbogbo wọn lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe torí pípín oúnjẹ ni Ìyá Tíṣà ṣe wá. Eré ìkẹyìn ọmọ rẹ̀ ló wá wò. Ṣùgbọ́n obìnrin tó máa ń na oúnjẹ sí àwọn agunkẹ̀kẹ́ létí títì ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ẹ̀yìn sì ti dá a dùbúlẹ̀. Eré kìlómítà àádóje kò ṣeé gùn láìjẹun, ẹni tó bá sì ní òun ó dúró jẹun, eré ti fi í sílẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń na àpò oúnjẹ sí wọn lórí eré. Súpánà wá ẹni tó lè ṣe é títí, kò rí ẹnì kan ju ìyá àgbàlagbà tó jókòó sí yàrá àlejò òtẹ́ẹ̀lì, tó ń fi bírò pupa tún àṣìṣe inú ìwé ìròyìn ọjọ́ náà ṣe.

Ọdún márùndínlógójì ni Ìyá Tíṣà fi ṣe olùkọ́, ó sì fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ iṣẹ́ ò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Tó bá wọ báńkì, àwọn èèyàn á kàn rí i pé àwọn ti tò sórí ìlà, wọn ò sì ní mọ ìgbà tí àwọn tò. Ó ti kọ́ ọmọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó sì mọ ipò tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà.

Ọmọ tirẹ̀ ni obìnrin àkọ́kọ́ nílẹ̀ náà tó gun kẹ̀kẹ́ nínú ìdíje orí títì. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló sì yẹ kó wà lọ́jọ́ náà. Fọ́ọ̀mù obìnrin ò sí, akọ̀wé eré bá kọ "Ọ̀gbẹ́ni" síwájú orúkọ rẹ̀. Ipò kejìdínláàádọ́ta ló gbà, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó gbẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láyé wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó lọ díje lókè òkun, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì parí eré náà pẹ̀lú apá tó wú. Ìgbà tó padà dé ló ṣa àwọn ọmọbìnrin kan jọ, ó kọ́ wọn, ó fi wọ́n dá ikọ̀ sílẹ̀. Àwọn oníròyìn ń pè é ní Àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ikọ̀ ń pè é ní Àǹtí. Ìyá Tíṣà gé gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ sínú fáìlì kan, lẹ́yìn tó ti fi bírò pupa tún àṣìṣe inú wọn ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ọdún mẹ́tàdínlógún lọmọ yìí ti ń gun kẹ̀kẹ́, kò gba ipò kìíní rí. Tí àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bá ṣe ìpàdé, tí wọ́n ń ka oríire àwọn ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ńṣe ni Ìyá Tíṣà máa ń dìde lọ bu omi mu.

Àǹtí fúnra rẹ̀ jáde wá báyìí, ìsàlẹ̀ bàtà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dún ko, ko, ko lórí sìmẹ́ńtì.

"Ipò kelòó lo máa gbà lónìí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Màámi, ṣebí a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán. Abẹ́rẹ́ ló máa gba ipò. Iwájú ẹ̀ lèmi máa wà, kí afẹ́fẹ́ má baà lù ú. Ẹni tó bá sá sẹ́yìn ẹlòmíì, kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Tó bá wá ku díẹ̀ ká dé, màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun á máa lọ."

"Ìyẹn ni pé ìwọ mọ ìdáhùn, o wá ṣí ìwé rẹ sílẹ̀ kí ẹlòmíì wò ó kọ."

"Kì í ṣe ìwò kọ, Màámi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe eré yìí nìyẹn."

"Gbogbo àwọn tí mo mú nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wí."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Lásìkò yẹn ni Abẹ́rẹ́ kọjá, ọmọ ogún ọdún kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń ráyè kọjá níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ráyè. Ó tẹ orúnkún, ó kí Ìyá Tíṣà dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ara. Ìyá Tíṣà wò ó lọ, ó ní, "Ọmọ gidi nìyí. Ó lẹ́kọ̀ọ́."

"Ẹ gbọ́, Màámi." Ẹ̀rín ti kúrò lójú Àǹtí. "Àdéhùn wa pẹ̀lú àwọn oní-fóòmù ń parí lónìí. Tí ẹnì kan nínú wa bá wà nínú ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á fi ọdún mẹ́ta kún un, wọ́n á sì fi mí ṣe olùkọ́ ikọ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ikọ̀ tú ká, bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa gbé owó wọn lọ bá. Gbogbo ọdún mẹ́tàdínlógún mi ló wà nínú eré òní. Ẹ ṣáà bá mi fún ọmọ yẹn lóúnjẹ."

Àwọn oní-fóòmù tó ń sọ yìí ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbé bùkátà ikọ̀ náà. Torí tiwọn ni ẹ̀yìn aṣọ àwọn ọmọbìnrin tó ń sáré àsápajúdé yìí ṣe ní àkọlé SÙN DÁADÁA gàdàgbà.

"Ta ló ní n ò ní fún un?" ni Ìyá Tíṣà wí. Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ bí i nínú díẹ̀.

Òkè kan wà ní kìlómítà àádọ́rin, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pín oúnjẹ. Apá òsì títì ni àwọn aláṣẹ eré ní kí gbogbo olùpín tò sí. Ìyá Tíṣà wo àwọn ará ikọ̀ yòókù bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ tó bá ti sún mọ́ títì síta, ó mi orí. Òun yíra padà títí tó fi rí i pé ọwọ́ ọ̀tún lòun nà. Àpò Abẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, ó fi ti Àǹtí kọ́ apá kejì. Súpánà ti gbé bọ́ọ̀sì sí abẹ́ igi kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Àwọn méjì yòókù nínú ikọ̀ wa ti sọ̀kalẹ̀," ló wí, fóònù ṣì wà létí rẹ̀. "Ọ̀kan ṣubú, inú ń run èkejì. Ó wá ku Abẹ́rẹ́ àti Àǹtí."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi yọ. Ìyá Tíṣà ò rí eré kẹ̀kẹ́ nítòsí rí, kò sì mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n máa ń hó bọ̀ bí oyin. Ó rí aṣọ Sùn Dáadáa méjì. Àǹtí dẹ ẹsẹ̀ kí Abẹ́rẹ́ lè kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ gba etí títì, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, àpò nìkan ló tẹjú mọ́. Ó sì na ọwọ́ òsì.

Ọdún márùndínlógójì dìde nínú Ìyá Tíṣà lẹ́ẹ̀kan náà. Orí rẹ̀ ò ráyè rò ó, ìka rẹ̀ ló rò ó. "Ọwọ́ òsì kẹ̀?" ló pariwo, ó sì di àpò náà mú gírígírí.

Abẹ́rẹ́ náà ò jọ̀wọ́, torí ebi ń pa á, eré sì ń gbé e lọ. Àwọn méjèèjì jọ di okùn àpò kan náà mú, ọ̀kan dúró, ìkejì ń sáré. Kẹ̀kẹ́ náà yí bìrí, ó lọ gbá òkúta etí títì, Abẹ́rẹ́ sì bá ara rẹ̀ nínú koríko. Gbogbo àwọn olùpín oúnjẹ figbe ta. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ yòókù kọjá lọ fìì.

Àǹtí ti bọ́ sílẹ̀. Ó wo Abẹ́rẹ́, ó wo kẹ̀kẹ́ tí rìímù iwájú rẹ̀ ti ká kò, ó wo ìyá rẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Orúnkún ló bó, Àǹtí."

"Gba kẹ̀kẹ́ tèmi. Wọ́n ń lọ! Gùn ún, máa lọ!"

Abẹ́rẹ́ wo àpò tó wà lọ́wọ́ Ìyá Tíṣà, ó wo ojú ẹni tó dì í mú, ó fò sórí kẹ̀kẹ́ Àǹtí, ó gba àárín títì lọ ní tirẹ̀.

Ìyá Tíṣà wo ọwọ́ rẹ̀. Àpò náà ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo bí ayé ṣe dàrú tó yẹn, kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ òsì ló nà sí mi," ló wí.

"Màámi." Ohùn Àǹtí rọlẹ̀ gan-an. "Apá òsì rẹ̀ lẹ dúró sí. Ọwọ́ wo lẹ fẹ́ kó fi gbà á?"

Ìyá Tíṣà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó jáde níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn èèyàn ti ń bẹ̀ láti ọdún márùndínlógójì kì í tètè mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bẹ̀bẹ̀. Súpánà fi rìímù míì sí kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ náà, ó so ṣéènì tó já, ó fi ẹsẹ̀ ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ padà sí ojú ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Títì ti dá wáí.

"Ẹ wọlé ká lọ, Àǹtí," ni Súpánà wí. "Ẹ ò lè bá wọn mọ́."

"N ò ní fi bọ́ọ̀sì parí eré mi ìkẹyìn." Ó gba àpò tirẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìwo ojú ẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ wíwọ́ náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Tíṣà wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ojú ń tì í, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́. Ọmọ rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún mọ ilé kan, òun ti fi ọwọ́ kan ṣoṣo fà á lulẹ̀.

"Ebi máa pa ọmọ yẹn," ló wí.

"Tó bá pa á, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kú ni, Mà. Kò ní lè ti pẹ́dà mọ́." Súpánà na aṣọ ìnujú kan sí i. Epo ṣéènì wà lára rẹ̀ ṣùgbọ́n Ìyá Tíṣà gbà á bẹ́ẹ̀. "Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ríran, Mà. Wọ́n ṣì máa gba oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní òkè kejì, ní kìlómítà márùndínláàádọ́fà. Tí a bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn, a lè ṣáájú wọn débẹ̀."

"Kí lo wá ń dúró ṣe?"

Wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ọ̀nà tó jẹ́ pé kòtò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyá Tíṣà gbé àpò Abẹ́rẹ́ lé itan bí ẹyin. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde sí títì, ọlọ́pàá kan tó sanra, tó ní irunmú bí ìgbálẹ̀, gbé alùpùpù rẹ̀ dí wọn.

"Ẹ yí padà! Eré ń lọ lọ́wọ́, a ti ti—" Ojú rẹ̀ kan ẹni tó jókòó níwájú bọ́ọ̀sì. Gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra. "Ẹ káàárọ̀, Mà!"

"Ọ̀sán ti pọ́n," ni Ìyá Tíṣà wí.

"Ẹ káàsán, Mà. Kíláàsì kẹta, Mà. Èmi lẹ máa ń nà torí ọwọ́ òsì."

"Mo rántí rẹ. Ọwọ́ wo lo wá fi ń kọ̀wé báyìí?"

"Ọ̀tún, Mà." Ọlọ́pàá náà wo ilẹ̀. "Ọ̀gá mi ní òun ò rí i kà rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Tíṣà lára ṣinṣin. "Jọ̀ọ́," ló wí, Súpánà sì yíjú wò ó torí kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, "jọ̀ọ́, ọmọ kan wà tó yẹ kí n fún lóúnjẹ lórí òkè yẹn."

Ọlọ́pàá fò sórí alùpùpù, ó tan iná, ó fi fèrè bọnu, ó ṣáájú wọn lọ bí ẹni tó ń mú ààrẹ ìlú lọ sí ìpàdé.

Wọ́n dé orí òkè náà, wọn ò tíì dúró ìṣẹ́jú méjì tí àwọn tó wà níwájú eré fi yọ. Àwọn mẹ́jọ péré ló kù níwájú, Abẹ́rẹ́ sì ni ẹ̀kẹjọ wọn. Ó ti lé wọn bá, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti là sílẹ̀, orí rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì. Ó gbójú sókè, ó rí Ìyá Tíṣà. Kíá ló yí kẹ̀kẹ́, ó gba apá ọ̀tún títì lọ, ibi tó jìnnà sí i jù lọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ.

"Ó ń sá fún yín, Mà," ni Súpánà ké. "Ó ti parí!"

Ìyá Tíṣà fa èémí símú. Ohùn kan wà tí kò tíì lò láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn tó máa ń ti ọ́fíìsì rẹ̀ la gbogbo ilé-ìwé já dé ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"ABẸ́RẸ́! WÁ SÍBÍ!"

Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wò ó. Méjì nínú wọn, tí kì í ṣe ọmọ ikọ̀ rẹ̀, tilẹ̀ dẹ ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti yí kẹ̀kẹ́ bọ̀ kó tó mọ̀ pé òun yí i.

"Ọwọ́ òsì!" ni Ìyá Tíṣà ń pariwo, ó ń fo sókè nínú bàtà rẹ̀. "Ọwọ́ òsì ni! Mo ní kí o fi ọwọ́ òsì gbà á!"

Ọlọ́pàá alùpùpù yọ ọwọ́ òsì tirẹ̀ jáde lápò, ó wò ó.

Abẹ́rẹ́ dé. Kò wo àpò lọ́tẹ̀ yìí, ìka Ìyá Tíṣà ló tẹjú mọ́. Ó na ọwọ́ òsì, ó kan okùn, ìka márààrún sì là sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àpò lọ. "Ẹ ṣé, Mà!" ni wọ́n gbọ́ láti òkèèrè, òkè sì gbé e mì. Ìyá Tíṣà dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ ní òfurufú, ó ń wò ó bí ohun tí kò jẹ́ tirẹ̀.

"Mà," ni ọlọ́pàá wí, "ṣé ó ti wá di ohun tí èèyàn lè lò ni?"

"Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o lò." Ó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, ó tún yí padà. "Ìgbà yẹn, mo nà ọ́ jù."

"Ó ti pẹ́, Mà," ni ọlọ́pàá wí, ṣùgbọ́n irunmú rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀.

Ìdajì táyà ni Abẹ́rẹ́ fi ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Máníjà ilé-iṣẹ́ fóòmù fò mọ́ ọn pẹ̀lú kóòtù àti táì, ó ní ọdún mẹ́ta dájú, kí wọ́n lọ sọ fún Àǹtí pé iṣẹ́ ń dúró dè é. Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n wá Ìyá Tíṣà kó wá dúró nínú fọ́tò, wọn ò rí i. Ó wà ní ojú ìlà ìparí eré, ó dojú kọ ibi tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀, kò kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Súpánà àti Abẹ́rẹ́ wá bá a, ó na ìka sókè. "Ẹnì kankan nínú yín ò gbọdọ̀ sọ fún un. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ fún un."

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, ogún kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tú irin etí títì. Ọkùnrin tírín kan tó ń ṣọ́ aago pa aago rẹ̀, ó ká àga, ó ki ìwé rẹ̀ bọ abíyá.

"Níbo lò ń lọ?" ni Ìyá Tíṣà bi í.

"Eré ti parí, Mà. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbẹ̀yìn ẹni àkọ́kọ́, a kì í kọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Àsìkò ti tó."

"Àsìkò ti tó, mo gbọ́. Ọmọ kan ṣì wà nínú gbọ̀ngàn."

"Gbọ̀ngàn wo, Mà?"

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi dúró ti àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò. N kò ṣí ilẹ̀kùn lọ rí kí ọmọ tó kẹ́yìn tó dìde lórí àga rẹ̀. Tẹ́ àga yẹn padà. Jókòó."

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan á gba òun sílẹ̀. Ọlọ́pàá tó sanra ló rí, ó sì ti gbé alùpùpù dí ojú títì kí mọ́tò má baà kọjá. Ó tẹ́ àga rẹ̀ padà, ó jókòó, ó tan aago.

Àǹtí yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjìlá sí i. Kò sáré, kò sì fà. Bí ẹni méjìlá ló kù níbẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ débi tí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Abẹ́rẹ́ ń fo lórí ẹsẹ̀ kan, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ọ̀rọ̀ má baà bọ́. Àǹtí gba orí ìlà kọjá, ó bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí òkúta etí títì. Ìyá Tíṣà, tí kì í jókòó níta láìkọ́kọ́ nu àga lẹ́ẹ̀mejì, jókòó tì í sórí eruku pẹ̀lú aṣọ tó lọ̀.

"Mo ṣe àṣìṣe," ló wí.

Àǹtí yíjú sí i. "Ẹ tún un sọ."

"N ò ní tún un sọ." Ó gbọn eruku lára aṣọ rẹ̀. "Mo ṣe àṣìṣe. Má bínú, ọmọ mi."

Àǹtí bọ́ akoto orí rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. "Mo bínú dé bíi kìlómítà méjì," ló wí. "Nígbà tó yá, mo rí i pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń bojú wẹ̀yìn, ṣé ó ti rẹ ọmọ yìí, ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Òní ni mo kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Màámi, odò kan wà níbẹ̀ o. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gba ọ̀nà yẹn, n ò mọ̀ pé odò wà níbẹ̀." Ó nu ojú. "Ó dùn mọ́ mi. Ikọ̀ ló kàn ń dùn mí. Ebi ti máa pa Abẹ́rẹ́ kó tó gun òkè kejì."

"Kò pa á."

"Ta ló fún un lóúnjẹ?"

"Èmi ni."

"Ó sì gbà á lọ́wọ́ yín?"

"Ó gbà á. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ṣe. Wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta kún un, olùkọ́ ni ẹ́ láti òní lọ."

Àǹtí fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá Tíṣà fi apá gbá a mọ́ra, òógùn àti gbogbo ẹ̀. Àfi ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ tí ohùn kan jáde láàárín ìka.

"Màámi. Ọwọ́ wo ló fi gbà á?"

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ẹkún Àǹtí di ẹ̀rín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi dùbúlẹ̀ gbalaja sójú títì. Abẹ́rẹ́ sáré dé, ó sọ̀kò ara rẹ̀ lé e, Súpánà náà ń sunkún láìtijú. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ aago rọra sún mọ́ wọn, ó dúró lọ́dọ̀ Ìyá Tíṣà, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, bírò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mà, ẹ má bínú. Mo ti dúró bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n kò sí ipò kankan tí mo lè fún wọn. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?"

Ìyá Tíṣà wo ọmọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀.

"Kọ ọ́ pé ó dé," ló wí.

Ọkùnrin náà tẹ̀ ba lé ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́.